Òṣùwọ̀n Tí Ó Mọ Ìyàtọ̀ Láàárín A àti S

Bí ìdánwò bá ti parí, tí ọkàn balẹ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó sábà máa ń gbòde nínú yàrá wa kò ju ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lọ: ta ni ń fẹ́ ta, ta ni ó fẹ́ mú ta lọ han àwọn òbí rẹ̀ nílé. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá sì ti dé báyìí, ìbéèrè kan kì í ṣàì jáde: “Kí ni genotype rẹ?” Gbogbo wa ni a mọ ìdáhùn lórí: AA, AS, AC, SS. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ara wa pé kí ni lẹ́tà wọ̀nyí dúró fún nínú ẹ̀jẹ̀, pé kí gan-an ni ìyàtọ̀ A sí S, ẹnu a bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò.

Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé nìyẹn. A ó gba ọ̀nà ẹ̀rọ kan tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní mass spectrometer wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Òṣùwọ̀n ni ẹ̀rọ yìí, bí òṣùwọ̀n ẹlẹ́ran ti jẹ́ òṣùwọ̀n, àmọ́ ohun tí ojú kò lè rí ni òun ń wọ̀n. A fẹ́ fi hàn yín pé bí ìwọ̀n bá péye tó, ó lè sọ ohun tí purotéènì kan jẹ́, bí ó ṣe ká jọ, àti irú ẹni tí ó ń bá rìn. Púpọ̀ nínú wa ni a bí sí ìdálẹ̀, tí a kò gbọ́ Yorùbá rí ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Ìdí rèé tí a fi kọ ọ́ ní èdè wa, kí ó má baà jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti òwe nìkan ni Yorùbá wà fún.

ÌLẸ̀KẸ̀ KAN ṢOṢO

Purotéènì tí a kọ́ nípa rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ girama ni ti ẹ̀wà, ẹyin àti ẹran. Ṣùgbọ́n purotéènì kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìkan. Òun ni òṣìṣẹ́ inú ara: òun ni ó ń ru ẹrù, òun ni ó ń da oúnjẹ, òun ni ó ń bá àrùn jà. Ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sí okùn ni ó jọ. Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ náà ni a ń pè ní amino acid, irú 20 ni ara sì ń lò. Bí a bá sín wọn tán, okùn náà kì í nà gbọọrọ. Yóò ká jọ, yóò wé mọ́ ara rẹ̀, bí gèlè tí obìnrin tó mọ gèlè wé bá wé. Bí ó bá ṣe ká jọ sí ni ó ń sọ irú iṣẹ́ tí ó lè ṣe. Bí gèlè bá tú, aṣọ lásán ni.

Haemoglobin ni purotéènì tí ó ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ pupa wa. Okùn mẹ́rin ni ó para pọ̀ di ọ̀kan: alpha méjì, beta méjì. Ìlẹ̀kẹ̀ 141 ni ó wà lórí alpha kọ̀ọ̀kan, 146 ni ó wà lórí beta kọ̀ọ̀kan. Okùn kọ̀ọ̀kan sì gbé ohun kékeré kan dání tí a ń pè ní heme, tí irin wà láàárín rẹ̀. Ara irin yìí ni ọ́síjìn máa ń dì mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ka ìlẹ̀kẹ̀ ara beta láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ dúró lórí ẹ̀kẹfà. Bí ó bá jẹ́ glutamic acid ni ó wà níbẹ̀, A nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ valine, S nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ lysine, C nìyẹn. Ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo nínú 146! Gbogbo ẹkún tí àwọn ìyá ti sun, gbogbo òru tí a ti gbé ọmọ sáré lọ sí ilé ìwòsàn, orí ìlẹ̀kẹ̀ kan yìí ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Glutamic acid fẹ́ràn omi, ó sì ń ta àwọn aládùúgbò rẹ̀ nù. Valine kórìíra omi; ibi tí yóò sá sí ni ó ń wá. Bí haemoglobin S bá ti já ọ́síjìn rẹ̀ sílẹ̀, ihò kékeré kan máa ń wà lára rẹ̀ tí valine ara aládùúgbò lè wọ̀. Ọ̀kan á wọ inú èkejì, èkejì á wọ inú ẹ̀kẹta, títí wọn yóò fi tò gùn bí okùn líle. Okùn líle yìí ni ó ń na sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tí ó yẹ kí ó rí roboto, tí ó sì ń tẹ̀ ẹ́ bí dòjé. Sẹ́ẹ̀lì onídòjé kì í rọ̀. Ó máa ń há sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tóóró, ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá sì dé, ìrora ni yóò dé ibẹ̀. Àrùn tí àwọn baba wa pè ní fòníkú-fọ̀ladìde nìyí.

Ní ayé àtijọ́, bí obìnrin bá ń bímọ tí wọ́n ń kú léraléra, àbíkú ni wọ́n máa ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀, wọn a sì sọ ọ́ ní Málọmọ́ tàbí Kòkúmọ́. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé ọmọ SS ni púpọ̀ nínú wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibà àti ìgbóná náà pa ọmọ púpọ̀.

ÀWỌN TÍ Ó KỌ́KỌ́ TÚ ÀṢÍRÍ NÁÀ

Ní 1910, oníṣègùn kan ní Chicago, James Herrick, kọ ìwé nípa sẹ́ẹ̀lì onídòjé tí ó rí nínú ẹ̀jẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó wá láti erékùṣù Grenada. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé haemoglobin àwọn aláìsàn yìí kì í rìn bákan náà pẹ̀lú ti àwọn ẹlòmíràn bí a bá fi iná mànàmáná tì í. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a ó tọ́ka sí mólékù kan pé òun ni ó fa àìsàn. Ní 1956 àti 1957, Vernon Ingram ní Cambridge fi trypsin gé haemoglobin sí wẹ́wẹ́. Trypsin yìí náà jẹ́ purotéènì, iṣẹ́ àlùmọ́gàjí sì ni tirẹ̀. Ingram tẹ́ àwọn èégé náà sórí bébà, ó rí i pé ọ̀kan ṣoṣo ni kò sí ní àyè rẹ̀. Nínú èégé yẹn ni ó ti bá valine.

Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ iṣẹ́ sùúrù ni pẹ̀lú. Bí òṣùwọ̀n kan bá wà tí ó lè wọn èégé wọ̀nyẹn ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ wo bí ìṣòro yóò ti dínkù tó.

BÍ A ṢE FÚN ERIN NÍ ÌYẸ́

Òṣùwọ̀n náà ti wà nígbà náà, ṣùgbọ́n kò lè gbé purotéènì. Ọdún 1919 ni Francis Aston, tí ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ J. J. Thomson ní Cambridge, ṣe èyí tí ó fi wọn oríṣiríṣi átọ́ọ̀mù; ó gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1922. Ọgbọ́n inú rẹ̀ kò ṣòro láti lóye. A ó fún ohun tí a fẹ́ wọ̀n ní agbára iná, a ó fi í sínú ihò tí a ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, a ó sì tì í. Bí a bá ti ọmọlanke tí kò lẹ́rù àti èyí tí ó kún fún iṣu pẹ̀lú agbára kan náà, èyí tí kò lẹ́rù ni yóò kọ́kọ́ dé. Láti ara bí ó ṣe yára sí, tàbí bí ó ṣe tẹ̀ sí lọ́nà, ni a ti ń mọ bí ó ti wúwo tó.

Níbo wá ni ìṣòro wà? Kí nǹkan tó lè sáré nínú ihò yẹn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fò sókè bí ooru. Ẹ wo funfun ẹyin, tí purotéènì kún inú rẹ̀. Bí a bá dà á sínú páànù tó gbóná, ṣé yóò fò lọ bí omi tí ń hó? Rárá o. Ńṣe ni yóò dì. Bí a bá sì tún koná mọ́ ọn, yóò jó di eérú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èrò àwọn onímọ̀ ni pé purotéènì tóbi jù fún iṣẹ́ yìí.

Ní àwọn ọdún 1980 ni ọ̀nà méjì ṣí. Ní Amẹ́ríkà, John Fenn tú purotéènì sínú omi, ó sì ń tì í gba ẹnu abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan tí iná mànàmáná tó lágbára wà lára rẹ̀. Omi náà ń tú jáde bí ìrì. Bí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ti ń gbẹ, agbára iná tí ó wà lára rẹ̀ ń há jọ, ẹ̀kán náà ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, títí yóò fi ku purotéènì nìkan nínú afẹ́fẹ́, pẹ̀lú agbára iná lórí rẹ̀, láìjóná. Electrospray ni wọ́n ń pè é. Ní Japan, Koichi Tanaka lo ìmọ́lẹ̀ láésà láti ta purotéènì sókè ní 1987. Ní Jámánì, Michael Karas àti Franz Hillenkamp ṣe irú rẹ̀ tí ó wá wọ́pọ̀ jù lọ. Fenn àti Tanaka wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì ní 2002. Fenn fúnra rẹ̀ fi iṣẹ́ náà wé kí a fún erin ní ìyẹ́. Àwa Yorùbá ni a ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin kí a sọ pé a rí erin. Láti ọjọ́ náà, a kò kàn rí nǹkan fìrí mọ́. A ń gbé erin náà sórí òṣùwọ̀n.

A WỌN A, A WỌN S

Ẹ jẹ́ kí a wá wọn ẹ̀jẹ̀. Ìwọ̀n tí a ń lò ni dalton. Hydrogen kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dalton kan. Okùn alpha wọn 15,126. Beta ti A wọn 15,867. Beta ti S wọn 15,837. Ìyàtọ̀ 30 péré! Ó rí bí ẹni pé a gbé àpò ìrẹsì méjì sórí òṣùwọ̀n, tí a sì fẹ́ mọ èyí tí wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ kan kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà kì í ka 15,867 ní tààrà. Ìwọ̀n tí a pín sí iye agbára iná ni ó ń kà. Bí beta A bá gbé agbára iná 16, ẹ̀rọ yóò ka 992.7, S tí ó gbé 16 yóò fún wa ní 990.8. Àwọn mìíràn yóò gbé 15, àwọn mìíràn 17, kọ̀ǹpútà yóò sì ti ara gbogbo rẹ̀ ṣírò ìwọ̀n gidi. Lára ẹni tí ó jẹ́ AA, òkè kan ni beta yóò yọ lórí àwòrán. Lára SS, òkè kan ni, ṣùgbọ́n yóò sún sẹ́yìn. Lára AS, òkè méjì ni yóò yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí ìbejì.

Ti C ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Lysine àti glutamic acid fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo bákan náà. Dalton kan ni ó wà láàárín wọn. Lórí okùn tí ó wọn 15,867, dalton kan rọrùn láti fojú fò. Nítorí náà, ọgbọ́n Ingram ni a ó padà sí: kí a fi trypsin gé e. Ẹ̀yìn lysine àti ẹ̀yìn arginine nìkan ni trypsin ti ń gé. Lára A, èégé àkọ́kọ́ ní ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́jọ, ó wọn 951.5. Lára S, mẹ́jọ náà ni, ó wọn 921.5. Ṣùgbọ́n lára C, lysine ti wà ní ipò kẹfà, trypsin á gé e níbẹ̀, èégé náà á ku ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́fà, ìwọ̀n rẹ̀ á sì di 693.4. Ohun tí ó farapamọ́ tẹ́lẹ̀ ti bọ́ síta gbangba. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, àwọn ilé àyẹ̀wò kan ń fi ọ̀nà yìí wo ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ tí a gbà ní gìgísẹ̀ ọmọ tuntun, kí a lè mọ ọmọ SS kí ìrora àkọ́kọ́ tó dé.

TA NI Ó Ń BÁ RÌN?

Títí dé ibí yìí, okùn kọ̀ọ̀kan ni a ń wọ̀n. Ṣùgbọ́n purotéènì kì í dá gbé. Ẹni tí ó bá ń bá rìn ni ó ń sọ ìwà rẹ̀. Ǹjẹ́ a lè wọn ẹbí náà lápapọ̀?

Ásíìdì tí a máa ń fi sí omi electrospray ni ó ń tú ẹbí ká. Bí a bá lo omi iyọ̀ ammonium acetate tí kò ní ásíìdì, tí a sì rọra tú u, haemoglobin yóò wọlé sínú ẹ̀rọ láìtú, alpha méjì, beta méjì, heme mẹ́rin. Gbogbo rẹ̀ yóò wọn nǹkan bí 64,450. Nínú ẹ̀jẹ̀ AS, a lè bá ẹbí tí beta méjèèjì jẹ́ A, ẹbí tí ọ̀kan jẹ́ A tí èkejì jẹ́ S, àti ẹbí tí méjèèjì jẹ́ S, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi 30 fúyẹ́ ju èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ. Bí a bá tún fi agbára kún un, ẹbí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já, a ó sì mọ ẹni tí ó di ẹni mú.

Obìnrin kan tí ó ṣe bẹbẹ nínú iṣẹ́ yìí ni Carol Robinson. Ọmọ ọdún 16 ni ó wà nígbà tí ó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, tí ó lọ ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí ilé iṣẹ́ oògùn kan. Ó padà sẹ́nu ẹ̀kọ́, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé, ó sì fi ọdún mẹ́jọ tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ní 2001 ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́mísírì ní Cambridge, ó sì tún jẹ́ àkọ́kọ́ ní Oxford ní 2009. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ọjọ́ ti lọ nítorí pé ẹ wọ yunifásítì pẹ́, ẹ gbọ́ o.

Ọ̀nà kejì ni ti omi wúwo. Nínú omi yìí, deuterium, tí ó wọn 2, ni ó wà ní ipò hydrogen tí ó wọn 1. Bí a bá ki purotéènì bọ inú rẹ̀, àwọn hydrogen ara rẹ̀ kan yóò máa gba ipò pààrọ̀ pẹ̀lú deuterium, ìwọ̀n yóò sì máa lọ sókè. Ibi tí ó wà níta ni yóò tètè pààrọ̀. Ibi tí ó ká mọ́ inú yóò pẹ́. Ó jọ ẹni tí òjò bá lójú ọ̀nà tí ó ká ara jọ: ẹ̀yìn á rin gbindin, ikùn á gbẹ. Bí a bá gé purotéènì náà, tí a wọn èégé kọ̀ọ̀kan, a ó mọ ibi tí òjò dé. Haemoglobin tí ó gbé ọ́síjìn àti èyí tí kò gbé e kì í rin bákan náà; nípa bẹ́ẹ̀ ni a fi ń rí i pé ara rẹ̀ ń yí padà. Bí oògùn kan bá sì lẹ̀ mọ́ ibì kan, ibẹ̀ á gbẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀nà kẹta ni pé kí a fi kẹ́míkà tí ó dàbí okùn kúkúrú so purotéènì méjì tí ó fara kan ara wọn, kí a tó gé wọn. Èégé tí ó bá wúwo ju bí ó ti yẹ lọ ni yóò fi hàn wá ibi tí ìkínní ti di èkejì mú.

KÍ NI Ó KÀN WÁ NÍBẸ̀?

Ó kàn wá gan-an. Kò sí orílẹ̀-èdè tí a ti ń bí ọmọ SS tó Nàìjíríà ní gbogbo ayé. Wọ́n ju 100,000 lọ lọ́dọọdún. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin wa ni AS. A sì gbọ́dọ̀ sọ èyí fún ara wa nínú ẹgbẹ́ yìí: C wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá ju bí ó ti wọ́pọ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ẹ̀yà yòókù ní Nàìjíríà lọ. Àwọn kan máa ń sọ pé, “AC ni mí, n kò ní S, kò séwu.” Ewu wà o. Bí AC bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà lè jẹ́ SC, fòníkú-fọ̀ladìde sì ni SC náà.

Ẹ ṣàkíyèsí pé a ní “nínú oyún kọ̀ọ̀kan”. Kì í ṣe pé bí ẹ bá bí mẹ́rin, ọ̀kan ṣoṣo ni yóò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe ń ta ayò tuntun ni oyún kọ̀ọ̀kan. Ti àná kò ka ti òní sí.

Ìkejì, ìwé àyẹ̀wò lè ṣìnà. Àyẹ̀wò electrophoresis tí ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa kì í wọn nǹkan kan. Ibi tí haemoglobin bá sáré dé lórí bébà ni ó ń wò. Haemoglobin kan wà tí ó ń jẹ́ D tí ó máa ń dúró sí ibi tí S dúró sí, èyí tí ó ń jẹ́ E sì máa ń dúró sí ibi ti C. Bí a bá gba ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sára láàárín oṣù mẹ́ta, A ti ẹni yẹn lè bo tiwa mọ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n bá sì kọ orúkọ ẹlòmíràn sí lára ìgò, kò sí ẹ̀rọ tí ó lè tún un ṣe. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbára lé ìwé kan tí ẹ gbà nígbà tí ẹ ń wọlé sí ọgbà. Ẹ ṣe é ní ibi méjì, kí ẹ sì ṣe é kí ìfẹ́ tó wọ egungun.

Mass spectrometer wọ́n púpọ̀. Ẹ̀rọ tí ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kì í sinmi tọ̀sán-tòru, ẹ̀yin náà sì mọ bí iná mànàmáná wa ti rí. Nítorí náà, a kò sọ pé kí ẹ lọ máa wá a kiri kí ẹ tó mọ genotype yín. Àyẹ̀wò tí ó wà nílẹ̀, bí a bá ṣe é dáadáa tí a sì tún un ṣe, tó fún ìpinnu ìgbéyàwó. Ibi tí òṣùwọ̀n yìí ti ṣe pàtàkì ni ibi tí a ti ń wá oògùn, nítorí ẹni tí yóò wá oògùn fún àrùn tí valine kan fà gbọ́dọ̀ lè rí ibi tí valine náà ń wọ̀, àti ohun tí ó lè dí ihò náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ kẹ́mísírì, bayokẹ́mísírì àti físíìsì láàárín wa, iṣẹ́ yín nìyẹn. Àwa tí àrùn yìí ń jẹ ọmọ wọn jù lọ ni ó yẹ kí a wà nídìí òṣùwọ̀n náà. Ẹ̀yin yòókù, ohun kan ni a bẹ̀ yín: ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, kí ẹ sì mú ẹni tí ẹ ń fẹ́ dání. Ojú ìfẹ́ kò rí dalton 30. Ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò bá a rí i.

Ire o.